Oúnjẹ Ajá Kékeré: Hóró Gbígbẹ, Ti Inú Agolo, àbí Èyí Tá A Sè Fúnra Wa?

Ẹni tó fẹ́ máa bọ́ ajá kékeré, irú èyí tí kò ju kílò márùn-ún lọ, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè ra oúnjẹ gbígbẹ inú àpò, èyí tó máa ń wà ní hóró-hóró. Ó lè ra ti inú agolo, tó rọ̀ tó sì lómi. Tàbí kó gbé ìkòkò kaná, kó máa sè é fún un.

Mi ò ní fi èrò mi pamọ́: gbígbẹ ni mo máa fi ṣe ìpìlẹ̀, màá bu ti inú agolo díẹ̀ lé e, ẹni tí dókítà ẹran kò bá sì bá ṣètò oúnjẹ àsèfúnra-ẹni, kó má dá a lé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé iye owó kílò kan àti àwòrán ẹran tó ń dán níwájú àpò ni wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra. Ẹ̀yìn àpò ni ọ̀rọ̀ wà, níbi tí lẹ́tà ti rí wínníwínní.

Ẹ yí i sẹ́yìn

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé oúnjẹ náà jẹ́ "complete". Ìyẹn ni pé ajá lè máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láìfi nǹkan mìíràn kún un, kí ara rẹ̀ má sì ṣaláìní ohunkóhun. Bó bá jẹ́ "complementary" ni wọ́n kọ, àfikún lásán ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ oúnjẹ gbígbẹ ló pé. Inú agolo ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra, pàápàá àwọn agolo pẹlẹbẹ tó jẹ́ kìkì ẹran adìyẹ jíjá nínú omi ẹran. Ajá á fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń jẹ, ebi èròjà aṣaralóore ni yóò máa pa á láìjẹ́ pé ikùn rẹ̀ ṣófo.

Wọ́n tún máa ń kọ ọjọ́ orí ajá tí oúnjẹ náà wà fún. Ní Amẹ́ríkà, àjọ AAFCO ló ń gbé ìlànà oúnjẹ ajá jáde; àjọ FEDIAF ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù. Nínú ìlànà AAFCO, purotéènì inú oúnjẹ ọmọ ajá kò gbọdọ̀ dín sí 22.5%, ti àgbà ajá kò sì gbọdọ̀ dín sí 18%, lẹ́yìn tá a bá ti yọ omi kúrò nínú ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn gan-an ló ń da ìfiwéra rú. Agolo kan kọ purotéènì 10%, àpò kan kọ 26%. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á ní àpò ló borí. Ṣùgbọ́n omi ló kó 78% nínú agolo yẹn, oúnjẹ gan-an kò ju 22 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi 22 pín 10, ó di nǹkan bíi 45%. Omi inú àpò jẹ́ 10%. Ẹ fi 90 pín 26, kò ju 29% lọ. Agolo tá a rò pé ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ló di ẹrù wá.

| | Gbígbẹ | Inú agolo | Àsèfúnra-ẹni |
|---|---|---|---|
| Omi inú rẹ̀ | bíi 10% | 75–80% | bí a bá ṣe sè é ni |
| Kálórì nínú gíráàmù 100 | 350–400 | 80–120 | bíi 150 (ìrẹsì àti àyà adìyẹ) |
| Oúnjẹ òòjọ́ ajá kílò 4 | bíi gíráàmù 80 | bíi gíráàmù 300 | bíi gíráàmù 200 |
| Lẹ́yìn tá a bá ṣí i | bí ọ̀sẹ̀ 6 | bí ọjọ́ 3 nínú fíríìjì | bí ọjọ́ 3 nínú fíríìjì |

Ìwọ̀n tó ń wọ inú abọ́

Àgbà ajá tó wọn kílò mẹ́rin, tó ń gbé nínú ilé, tí kì í ṣe wàhálà púpọ̀, nǹkan bíi kálórì 300 ló ń jẹ lóòjọ́. Ẹ ronú sí i bí ó ṣe kéré tó. Ẹyin sísè kan ṣoṣo ti tó kálórì 70, ìyẹn sì ti sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Ìpápánu àti ohun tá a fi ń tù ú lójú kò yẹ kó kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá, kálórì 30 péré. Nínú ilé tí èèyàn mẹ́rin wà, tí kálukú ń ju nǹkan sí i lábẹ́ tábìlì, kálórì 30 ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ìdí nìyí tí ife kò fi ṣeé gbára lé. Gíráàmù 80 ló yẹ kó jẹ, ẹ bù ú kó yọ orí díẹ̀, ó di 100: ẹ ti fi ìdámẹ́rin lé oúnjẹ rẹ̀, ojú ò sì rí i. Ẹ ra sikéèlì kékeré ti ilé ìdáná. Kí ajá kílò mẹ́rin fi ìdajì kílò sanra, bí ẹni tó wọn kílò 70 ṣe fi kílò mẹ́sàn-án kún ara ni, orúnkún àti ọ̀nà ọ̀fun ajá kékeré kò sì lágbára tó ìyẹn. Ẹ máa fi ìka ra ìhà rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Eegun ìhà gbọ́dọ̀ ṣeé kà lábẹ́ ìka láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ní láti wá a, ẹ dín oúnjẹ kù.

Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò wúlò láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pọ̀ ju ohun tí ajá tó ń jókòó sílé nílò lọ.

Àpò ńlá kọ́ ni èrè

Lóòótọ́ ni kílò kan nínú àpò ńlá máa ń dín owó. Àmọ́ ajá tó ń jẹ gíráàmù 80 lóòjọ́ yóò lo oṣù mẹ́rin lórí àpò kílò mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá inú hóró náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kan láti ọjọ́ tí atẹ́gùn ti wọ inú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò lè jẹ ju kílò mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Àpò kílò méjì tàbí mẹ́ta ló bá a mu. Ẹ fi sílẹ̀ nínú àpò tó bá wá, ẹ dì í lẹ́nu pa, kí ẹ gbé e sí ibi tí kò gbóná.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí agolo. Agolo gíráàmù 400 yóò ṣẹ́ kù sílẹ̀ lójoojúmọ́, ti inú abọ́ kò sì yẹ kó dúró ju wákàtí méjì lọ níta. Àwọn agolo kékeré bíi gíráàmù 85 wọ́n ju ti ńlá lọ tá a bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, ṣùgbọ́n a kì í dà wọ́n nù.

Bí mo ṣe máa pa wọ́n pọ̀ nìyí: gbígbẹ gíráàmù 60 pẹ̀lú agolo gíráàmù 85 kan, pín sí àárọ̀ àti alẹ́. Kálórì 300 náà nìyẹn. Ajá tí kì í fẹ́ mu omi á rí omi mu nínú oúnjẹ rẹ̀, owó agolo ò sì ní dá yín lágara. Abọ́ omi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé gbígbẹ ló dáa fún eyín. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Hóró lásán máa ń fọ́ kí ara rẹ̀ tó kan ìdí eyín, eyín ajá kékeré sì há mọ́ra, ìdọ̀tí tètè ń lẹ̀ mọ́ ọn. Búrọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín ti ajá, lójoojúmọ́ bó bá ṣeé ṣe, ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má lo tiwa. Xylitol, àdídùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, tó wà nínú òmíràn lè pa ajá.

Èyí tá a sè nílé

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kéèyàn fẹ́ sè é, ẹni tó bá sè é sì mọ ohun tó fi sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Davis yẹ ìlànà oúnjẹ àsèfún-ajá 200 wò, láti inú ìwé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ọgọ́rùn-ún, 95 ló ṣaláìní ó kéré tán èròjà pàtàkì kan. Ìrẹsì àti adìyẹ tí gbogbo èèyàn mọ̀ kò ní kálísíọ̀mù tó. Ẹran kún fún fọsifọ́rọ́ọ̀sì, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sì kéré jọjọ. Bó bá pẹ́, inú eegun ara rẹ̀ ni ajá yóò ti máa yọ ọ́. Eegun sísè kì í ṣe àtúnṣe, torí ó máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó sì ń gún ìfun.

Bí àìsàn kíndìnrín tàbí ohun tí ara ajá kọ̀ bá mú kí oúnjẹ ọjà ṣòro fún un, oúnjẹ àsè ní àyè tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà àti ìyẹ̀fun èròjà tó bá kọ. Ìkòkò náà kò gbọ́dọ̀ ní alùbọ́sà tàbí aáyù. Ṣokoléètì, èso àjàrà tútù àti gbígbẹ kò gbọdọ̀ kan ẹnu ajá rárá. Ẹran tútù tí a kò sè? Mi ò rà á: kòkòrò Salmonella inú rẹ̀ kì í dá ajá nìkan mọ̀, ọmọdé tó ń fọwọ́ pa á lára náà ń kó o.

Wọ́n ń polówó oúnjẹ tí kò ní ọkà nínú bíi pé ọkà jẹ́ májèlé. Ní 2018 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn ọkàn kan lára ajá. Bí dókítà kò bá ní kí ẹ sá fún ọkà, ẹ má sanwó lé e.

Tó bá jẹ́ ọmọ ajá ni

Ti ọmọ ajá ni kẹ́ ẹ rà, títí yóò fi pé oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, kí hóró rẹ̀ sì kéré tó ẹnu rẹ̀. Ṣúgà ara ọmọ ajá kékeré tètè ń lọ sílẹ̀, nítorí náà kó máa jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ títí dé bí oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta títí dé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tó ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ sì rọ jọwọlọ, ẹ fi oyin díẹ̀ pa á ní èrìgì, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, oúnjẹ tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ìdámẹ́rin tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi kún un fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá rọ̀ láàárín rẹ̀, ẹ dúró lórí ìwọ̀n ọjọ́ yẹn fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bó bá ń bì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ náà, dókítà ló kàn.