Nínú àgọ́ ni tàbí nídìí igi? Ọrun àti tòlótòló igbó

Ojú tòlótòló igbó Amẹ́ríkà mú gan-an; imú rẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ gbóòórùn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí tafàtafà bá ń fa ọsán ni àṣírí máa ń tú.

Àgọ́ aláṣọ tí ọdẹ ń fara pamọ́ sí máa ń bo ìfàsán yẹn. Wọ aṣọ dúdú, kí o sì ti fèrèsé ẹ̀yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ á fi òjìji rẹ hàn. Àléébù rẹ̀ ni òrùlé: ọrun 62 ínǹṣì á máa kọlù ú, ọfà á sì ṣìnà. Mú èyí tó tó 54, jókòó sórí àpótí kékeré, kí o fà á wò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ìdí igi, o kò ní ẹrù púpọ̀ láti gbé, ṣùgbọ́n ó le. Gbé ère akọ tòlótòló oníke síwájú ní nǹkan bíi mítà 6, kó kọjú sí ọ. Akọ gidi á wá kò ó lójú, ìrù rẹ̀ tó nà bí abẹ̀bẹ̀ á sì bo orí rẹ̀ mọ́ ọ lójú. Kò ní rí ọ; ìgbà yẹn gan-an ni kí o fa ọsán!

Àgọ́ ni mo máa kọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Níbi yòówù, má ta kọjá mítà 15. Ìyẹ́ lásán ni ọfà á gbé.