Iyùn inú òkun: ká gbin ẹ̀ka rẹ̀ ni, àbí ká tọ́ ọ láti inú ẹyin?

Ẹ̀yin ọmọ, iyùn gidi tí ẹ ń rí lọ́rùn ọba, egungun ẹranko òkun tín-tìn-tín ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ mìíràn ló ń kọ́ òkìtì iyùn. Òkìtì wọ̀nyí kò tó 1% ilẹ̀ abẹ́ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí 25% irú ẹ̀dá inú òkun ló ń rí ilé tàbí oúnjẹ níbẹ̀. Bí òkìtì bá bàjẹ́, báwo la ṣe ń tún un gbìn?

Ọ̀nà kan dà bí gbígbin ẹ̀gẹ́. Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, wọ́n á gé ẹ̀ka iyùn, wọ́n á so ó rọ̀ sábẹ́ omi kó lè dàgbà, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta. Ó yá, ó sì rọrùn. Àmọ́ ara kan náà ni gbogbo ẹ̀ka ìyá kan: ooru tó pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn, bí omi gbígbóná ọdún 2023 ṣe ba ọ̀pọ̀ jẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì, ìyẹn kíkó ẹyin iyùn ká sì tọ́ ọ dàgbà, gba sùúrù àti owó. Ní Great Barrier Reef, òkìtì iyùn ńlá kan ní Ọsirélíà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lálẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí òṣùpá bá kún, ọ̀pọ̀ iyùn á jọ tú ẹyin sómi. Ẹyin ọ̀hún á léfòó bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ osùn. (Ẹ wo bí wọ́n ṣe mọ alẹ́ náà láìní kàlẹ́ńdà!) Ọmọ tó jáde látinú ẹyin á lúwẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, á lẹ̀ mọ́ àpáta, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ egungun. Púpọ̀ jù lọ ló ń kú, ṣùgbọ́n èyí tó yè kì í jọra, òmíràn lè fara da ooru.

Níbi tí ìjì ti fọ́ ẹ̀ka kalẹ̀, tí omi kò gbóná jù, ẹ ṣa ẹ̀ka gbìn. Níbi tí ooru ti ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ẹyin ni mo máa fara mọ́.