Yunifásítì tó kọ́kọ́ wá bá wa lábúlé

Kí n tó mọ ọ̀nà Ìlọrin ni mo ti mọ àwọn ọmọ Yunifásítì Ìlọrin. Mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bíi mẹ́wàá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lábúlé wa, lẹ́yìn Ajàṣẹ́-Ìpo, pẹ̀lú ẹní, sítóòfù àti garawa. Abẹ́rẹ́ la rò pé wọ́n fẹ́ gún wa, la bá sá wọ oko kaṣú. Wọn ò gún ẹnikẹ́ni. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń bi àwọn ìyá wa pé: níbo lẹ ti ń pọnmi, kí lọmọ yín jẹ láàárọ̀, níbo lẹ ń yàgbẹ́ sí, ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló kú? Ẹ mọ̀ pé a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Àmọ́ ìyá mi jókòó lórí àpótí, ó sọ iye tó bí fún ọmọbìnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun, ó sì sọ iye tó sin. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà. Kí wọ́n tó padà, wọ́n bá àwọn ọkùnrin abúlé da kọnkéré yí ẹnu kànga wa ká, wọ́n sì fi ìdérí sí i.

COBES ni wọ́n ń pe ètò náà. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Unilorin ti ń ṣe é: akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró sí ọsibítù nìkan, wọ́n ń rán an lọ gbé láàárín ará oko kó lè mọ ohun tó ń sọ ènìyàn di aláìsàn kí onítọ̀hún tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ní Nàìjíríà, àwọn ni aṣíwájú nínú irú ẹ̀kọ́ yìí. Òun náà ló jẹ́ kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní Òmù-Àrán lónìí. Nítorí náà, tí òbí kan bá bi mí pé, "Mà, yunifásítì wo ni kí ọmọ wa kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB?", ẹnu mi kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbí kí n lè máa tọ́ka wọn sí i.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ni Unilorin. Oṣù Kẹjọ ọdún 1975 ni ìjọba ológun kéde rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn, abẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, bí ọmọ tí wọ́n gbé fún ẹ̀gbọ́n kó bá wọn tọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tekena Tamuno ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Ìbàdàn fi pè é padà láti wá ṣe gíwá níbẹ̀, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olújìmí Akínkùgbé, tó jẹ́ dókítà, bá gba ipò rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1976, akẹ́kọ̀ọ́ 200 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka mẹ́ta ló sì wà: ti èdè àti àṣà, ti sáyẹ́ǹsì, àti ti ìmọ̀ ìkọ́ni. Ọdún kan lẹ́yìn náà ló kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, tó di yunifásítì fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń lò nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ Poli Kwara nínú ìlú ni, òun náà là ń pè ní Mini Campus dòní. Ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ọ̀nà Tanke, níbi tí igbó ti pọ̀ ju ilé lọ.

Ọ̀nà yẹn kan náà ni mo gbà nígbà tí mo lọ ṣe sandwich, ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ ń ṣe nígbà ìsinmi. Mo ti gba NCE ní Òrò, mo ti ń kọ́ni, mo sì ti bímọ méjì. Ìgbà tí iléèwé bá ti gba ìsinmi gígùn ni àwa olùkọ́ láti Ìsin, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ọ̀fà máa ń kún inú kíláàsì. Màmá kan wà nínú wa tó ń fi ìwé pẹlẹbẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó gbé pọ̀n, tí kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kankan bọ́ sọnù. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìkọ́ni ni mo lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà, nítorí mo mọ ohun tí mo bá wọ kíláàsì ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ṣáájú, mo máa ń kọ nọ́ọ̀tì sójú pátákó kí wọ́n dà á kọ. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ń kó àwọn ọmọ lọ sídìí odò.

Àwọn ẹ̀kọ́ tó kù pọ̀ ju èyí tí ènìyàn lè kà tán: òfin, iṣẹ́ ẹ̀rọ, àgbẹ̀, ìtọ́jú ẹranko, oògùn pípò, ìṣirò owó. Kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ìròyìn àti ti ilé ìkàwé wà lábẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo, wọ́n sì ní rédíò tiwọn, 89.3. Wọ́n tún ní ilé ìwádìí lórí ìrèké àti ṣúgà, èyí tó yẹ ìpínlẹ̀ tí Bacita, ìlú ilé iṣẹ́ ṣúgà, wà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Lárúbáwá tàbí ẹ̀sìn Ìsìláàmù, níbo ni ìbá tún lọ ju ìlú Ààfáà? Yorùbá náà ń bẹ níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí àwọn òbí bá ń fi ojú òṣì wò ó. Ọmọ tó bá mọ èdè rẹ̀ débi tó lè kọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ọmọ tó kùnà.

Ohun tí àwọn òbí fẹ́ràn jù lọ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2001, tí iléèwé mìíràn bá ti ìlẹ̀kùn nítorí ìyanṣẹ́lódì, Unilorin kì í tì í. Ọdún mẹ́rin jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí iye ọmọ tó ń yàn án nínú JAMB fi ju ti gbogbo yunifásítì tó kù lọ láwọn ọdún kan. Ṣùgbọ́n ohun kan bá a rìn: olùkọ́ yunifásítì náà 49 tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìyanṣẹ́lódì lọ́dún 2001 kò rí ìdájọ́ gbà ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ títí di 2009. Olùkọ́ ni èmi náà, n kò lè sọ ti àǹfààní náà kí n má sọ ti wọn. Ní 2022, odindi oṣù mẹ́jọ ni ìyanṣẹ́lódì fi mú kí àwọn ọmọ Unilorin jókòó sílé bí ti gbogbo ibi yòókù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ṣèlérí fún yín.

Àbẹ̀ní ọmọ mi ń kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ báyìí. Ọjọ́ tí mo mú un lọ, a sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀fà Gàráàjì, a wọ kòròpé dé Tanke, a tún wọ ọkọ̀ mìíràn láti géètì. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá a ti ṣìnà, nítorí igbó ṣáá ló ń rí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ilẹ̀ náà fẹ̀ gan-an ni. Ọgbà ẹranko wà nínú rẹ̀, adágún omi wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ rìn ín tán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa jáde ní kùtùkùtù, torí tó bá ku díẹ̀ kó di aago mẹ́jọ, èrò tó ń dúró de ọkọ̀ máa ń pọ̀ lọ bí omi.

Ilé gbígbé ló yẹ kẹ́ ẹ fi ojú sí jù. Kò sí bí ilé inú ọgbà ṣe lè gba gbogbo wọn, Tanke ni ọ̀pọ̀ ń gbé. Agẹ́ǹtì kan gba owó lọ́wọ́ mi lórí yàrá tí mo rí nínú fọ́tò fóònù nìkan. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni omi ń kán sí. Ẹ fi ojú ara yín rí yàrá, ẹ wo àjà, ẹ bi àwọn ayálégbé ibẹ̀ léèrè bóyá kànga máa ń gbẹ lọ́yẹ́.

Wọ́n rán Àbẹ̀ní náà lọ sí COBES lọ́dún tó kọjá. Mo di gààrí Ìgbómìnà, epo àti ata gígún fún un. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kẹta pé, "Mọ́mì, ìyá kan ò fẹ́ sọ iye ọmọ tó bí fún mi, báwo ni kí n ṣe bi í?" Mo ní kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ bá a ṣẹ́ ẹ̀gúsí.