Ẹ ra ìgbàyà wọn, ẹ fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ fún wọn

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ ṣì wà láàrin èmi àti wọn. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n. Ìhámọ́ra ilẹ̀ Yúróòpù ti ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n ń rọ, wọ́n sì ń rọ ọ́ fún àwa tí a ń wọ̀ ọ́ jà, kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ ògiri. Mo ra gbogbo rẹ̀ pọ̀: gambeson, ìyẹn ẹ̀wù onípele tí à ń wọ̀ sábẹ́ irin, ìgbàyà irú ti Visby, ìlú kan ní Sweden, àṣíborí bascinet pẹ̀lú ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n tó bo ọrùn, irin ẹsẹ̀, àti ìbọ̀wọ́. Buhurt ni mo fi wọ́n jà, ìjà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ nínú agbo. Ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan ló gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Bí orúnkún tàbí ọwọ́ bá lọ kún un, onítọ̀hún ti jáde nìyẹn. Idà kò mú, ṣùgbọ́n irin gidi ni, ẹni tó ń fì í kò sì fì í pẹ̀lẹ́.

Télọ̀ ni mí, nítorí náà gambeson ni mo kọ́kọ́ tẹ́ sórí tábìlì. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa kì í wò ó. Irin ni wọ́n máa ń sáré lọ bá, wọ́n á fi ìka kan án kí ó dún, wọ́n á bèèrè pé mìlímítà mélòó ló nípọn. Bẹ́ẹ̀ irin kì í gbé agbára idà mì. Ó ń tẹ́ ẹ ká ojú ibi tó fẹ̀ ni. Ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e mì. Ẹni tó bá gbé irin olówó gọbọi lé ẹ̀wù jákujàku, egungun ìhà rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí.

Gígé ẹ̀wù yìí wú mi lórí púpọ̀. Wọ́n gé ihò apá rẹ̀ bíi ti ẹ̀wù Charles de Blois, ìjòyè Bretagne tó kú lójú ogun Auray ní 1364, tí ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé aṣọ ní Lyon, ní Faransé. Ihò náà tóbi, ó wọnú àyà, ó sì wọnú ẹ̀yìn. Ó lè dà bíi pé ẹni tó gé e fi aṣọ ṣòfò, àfi ìgbà tí ẹ bá gbé apá sókè láti fi idà lu ẹni tó ga jù yín lọ. Bí ihò apá bá há, gbogbo ẹ̀wù ni yóò bá apá gòkè, ìgbàyà tó wà lórí rẹ̀ á tẹ̀ lé e, etí irin á sì wá gún yín lábẹ́ àgbọ̀n. Mo wọ tiwọn, mo gbé apá méjèèjì sókè, etí ẹ̀wù kò kúrò ní ìbàdí mi. Ẹni tó gé e mọ abẹ́rẹ́ dáadáa.

Inú rẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Aṣọ ọ̀gbọ̀ àti òwú ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn fi rán an. Mo tú ojú rírán díẹ̀ lábẹ́ abíyá, mo fa ohun tó wà nínú jáde. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni lóde lóòótọ́, ó sì nípọn dáadáa, ṣùgbọ́n pọ́líẹ́sítà ni wọ́n kì sáàrin, irú èyí tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí. Ó gba lílù o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ òógùn kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ooru sì ni ọ̀tá tí ẹni tó wọ irin kọ́kọ́ ń bá jà kí ó tó kan ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi fẹ́lẹ́ lórí èjìká, níbi tí wọ́n ti ń lù mí jù. Nígbà tí ọba Louis XI ti Faransé pàṣẹ irú ẹ̀wù tí ọmọ ogun rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìpele aṣọ 30 ló ní kí wọ́n rán, tàbí 25 pẹ̀lú awọ àgbọ̀nrín kan, ó sì tún ní aṣọ tí wọ́n ti lò tó ti rọ̀ ló dára jù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo tú èjìká méjèèjì, mo kó àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ọ̀gbọ̀ tó ti gbó, mo gé wọn, mo tò wọ́n lé ara wọn, mo fi òwú tí mo fi ìda oyin pa rán an mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, èjìká mi kì í wú mọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ lásán kún un fún yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ra òde rẹ̀, kí ẹ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n rán ní inú rẹ̀.

Ìgbàyà wá ńkọ́? Òun gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje, 1361, àwọn ọmọ ogun Valdemar Atterdag, ọba Denmark, pàdé àwọn àgbẹ̀ erékùṣù Gotland lẹ́yìn odi ìlú Visby. Wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ náà rẹpẹtẹ. Ìgbà ooru ni níbẹ̀, òkú pọ̀, wọ́n sì sin ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú kòtò ńlá pẹ̀lú ohun tí wọ́n wọ̀. Ohun tó ṣe wọ́n ní ibi yẹn ló ṣe wá ní oore: nígbà tí wọ́n hú àwọn kòtò náà láàrin 1905 sí 1930, ìgbàyà tó tó bíi 25 ni wọ́n bá lára òkú, pẹ̀lú ìṣó wọn àti bí wọ́n ṣe to irin wọn. Bengt Thordeman, awalẹ̀pìtàn ará Sweden, pín wọn sí oríṣi oríṣi, láti orí èyí tí irin rẹ̀ kò pọ̀ tó sì fẹ̀, títí dé èyí tó ní irin wínníwínní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Oríṣi kìíní ni tèmi. Wọ́n á gbà á wọ̀ láti orí, iwájú rẹ̀ á yí ìhà ká, á sì pàdé lẹ́yìn, níbi tí bẹ́líìtì wà. Inú ni irin wà, aṣọ àti awọ ló bò ó, nítorí náà orí ìṣó nìkan lẹ máa rí lóde.

Tèmi, aṣọ irun àgùntàn pupa ló wà lórí awọ, irin rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 1.5, gbogbo rẹ̀ sì wúwo tó bíi kílò 9. Mo wo ìlà ìṣó bí mo ṣe ń wo ojú rírán: ó lọ tààrà, kò sí ibi tó ti wọ́. Mo wá mú ègé ṣífọ́ọ̀nù kan, mo fi nu gbogbo inú ìgbàyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò kọ́ níbì kankan. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n lu ẹ̀yìn ìṣó kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí tó fi dán, kò sì ní máa jẹ gambeson yín lójoojúmọ́. Mo ti rí ìgbàyà tó wọ́n ju èyí lọ tí inú rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀ ẹ̀gún. Wọ́n tún kun irin náà kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó, ọgbọ́n ńlá sì nìyẹn, torí ìpẹtà tó bá mú irin lábẹ́ aṣọ, kò sẹ́ni tó máa tètè rí i.

Obìnrin ni mí, àyà mi kò rí pẹrẹsẹ. Ìgbàyà onírin kan ṣoṣo tí mo máa ń yá tẹ́lẹ̀, tàbí kí ó há mi láyà tàbí kí ó máa mì ní ìbàdí. Èyí ń tẹ̀, torí irin rẹ̀ gun ara wọn, awọ ló sì so wọ́n pọ̀. Wọ́n tẹ irin àyà díẹ̀ síta bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe, wọ́n sì mú àwọn ti ìbàdí kéré kí n lè tẹríba. Ibi ìbàdí yẹn ni kí ẹ fi ojú sí ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ìbàdí ló yẹ kó gbé ìgbàyà, kì í ṣe èjìká. Nígbà tí wọ́n bá dè é tán, ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ lórí èjìká. Bí ọwọ́ bá wọlé wẹ́rẹ́, ó ti jókòó síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n kí ó má fún egungun ìhà. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Leeds, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ irin fún àwọn ọkùnrin tó ti mọ̀ ọ́n wọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn kí wọ́n sì máa sáré lórí ẹ̀rọ. Wọ́n rí i pé irin àyà kò jẹ́ kí wọ́n lè mí kanlẹ̀, ṣe ni wọ́n ń mí lókè lókè. Ẹni tó bá ti wà láàrin agbo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ ní ìhà, kí wọ́n fún ìbàdí pinpin, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ ò lè dá a wọ̀. Ẹ̀yìn ni bẹ́líìtì wà, àfi kí ẹnìkan bá yín dè é. Ẹni tó ní ẹgbẹ́ kò ní ka èyí sí. Irin bẹ́líìtì náà, bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀kan tẹ̀, mo pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí ti irin, ó parí.

Lórí àṣíborí, ẹnu mi kò pọ̀. Irin orí rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2, ìbojú rẹ̀ so mọ́ iwájú orí, ó ń ṣí sókè wẹ́rẹ́ kí èèyàn lè mí láàrin ìjà kan sí òmíràn. Ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ gidi: ìlà kan òrùka tí wọ́n fi ìṣó pa lẹ́nu, ìlà kan òrùka tí kò lójú rárá. Ẹ má ra èyí tí wọ́n kàn tẹ ẹnu òrùka rẹ̀ pọ̀ láìfi ìṣó pa á. Bí wọ́n bá lù ú, yóò máa já sílẹ̀ wàràwàrà. Ohun tí mo yọ sọnù ni fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú àṣíborí. Mo rán ti ara mi, onípele, tí a gé sí ọ̀nà mẹ́rin tí okùn sì so orí wọn pọ̀, kí n lè fún un tàbí kí n dẹ̀ ẹ́. Okùn àgbọ̀n wọn dára, ìṣó méjì ló dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Irin ẹsẹ̀ fúyẹ́, inú mi sì dùn pé ó fúyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ará Leeds yẹn náà ló fi hàn pé agbára tí èèyàn ń lò láti rìn nínú irin ju ìlọ́po méjì lọ, àti pé ẹrù tó wà lẹ́sẹ̀ ló ń jẹ agbára náà jù, torí gbogbo ìgbésẹ̀ lẹ máa gbé e. Ẹ má sì torí rẹ̀ bọ́ ojúgun sílẹ̀. Nínú kòtò Visby, egungun ojúgun tí idà gé kì í ṣe díẹ̀.

Ó wá ku ìbọ̀wọ́.

Àwòṣe ìbọ̀wọ́ Edward, ọmọ ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Black Prince, ni wọ́n sọ pé àwọn wò rọ ọ́. Ó kú ní 1376, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury. Lójú, ó jọ ọ́: ọrùn ọwọ́ rẹ̀ há, apá rẹ̀ fẹ̀ síta, ìka kọ̀ọ̀kan ní irin tirẹ̀. Àmọ́ irin ìka náà fẹ́lẹ́ débi pé mo lè fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́. Ti àtàǹpàkò ló burú jù: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló so ó mọ́ ara ìbọ̀wọ́, tí èèyàn bá di idà mú, irin náà á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àtàǹpàkò á sì wà níta gbangba. Ìkejì mi nínú ẹgbẹ́ fi igi lù ú díẹ̀ nígbà tí a ń dán an wò, èékánná mi dúdú. Igi nìyẹn o.

Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n dáhùn pé bí ti Canterbury ṣe rí nìyẹn. Mo ní, ẹ̀yin ọ̀gá, bàbà tí wọ́n fi wúrà bò ni ti Canterbury, orí ibojì ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Tèmi kò tíì fẹ́ lọ sórí ibojì. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí n dá a padà, wọ́n á rọ irú èyí tó pa ìka pọ̀ fún mi. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ja buhurt ń wọ̀, torí ìka mẹ́rin tó wà pọ̀ lábẹ́ irin kan kì í tètè ṣẹ́. Wọn kò tíì fi ránṣẹ́, owó mi sì wà lọ́wọ́ wọn. Ní báyìí, ìbọ̀wọ́ tí mo yá ni mo fi ń jà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan lọ́dọ̀ irú wọn, kó fi ojú sí fọ́ọ̀mù ìwọ̀n tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Àyà, ìbàdí àti gíga nìkan ni tiwọn béèrè. Ẹ wọ gambeson yín kí ẹ tó wọn ara yín, kì í ṣe orí ṣẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi ìwọ̀n láti egungun ọrùn dé ìbàdí kún un, bí wọn kò tilẹ̀ béèrè. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìdúró, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lórí ìjókòó, torí ẹni tí ìgbàyà rẹ̀ bá gùn jù, kò ní lè jókòó sinmi láàrin ìjà.