Rhode Island Red, Orpington, Sussex: èwo nínú irú adìẹ mẹ́ta yìí ló lè pamọ fúnra rẹ̀ nínú ọgbà?

Adìẹ tí mo ń wá kò ju èyí tó máa yé, tó máa lẹ́ran lára, tó sì máa pamọ fúnra rẹ̀ kí n má baà máa ra òròmọdìẹ lọ́dọọdún. Bírọ́ílà ò lè ṣe ìkẹta yẹn. Lóòótọ́, ó ti tó pa ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ṣùgbọ́n àdàlù ni, ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an kì í lè gbé e tó bá dàgbà. Mo ti sìn ín rí, ó tó.

Rhode Island Red ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo èèyàn ń yìn. Wọn ò purọ́. Abo rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 3, ẹyin rẹ̀ pọ́n bí amọ̀, ó sì ń yé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Àmọ́ ọdún kan gbáko, ìkankan ò sàba. Wọ́n á yé tán, wọ́n á ké kẹ́kẹ́kẹ́, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ẹ̀bi wọn kọ́. Adìẹ tó ń sàba kì í yé, àwọn tó ń wá ẹyin púpọ̀ sì ti ń yọ irú ẹ̀ kúrò nínú agbo láti ìgbà pípẹ́.

Ni mo bá ra abo Buff Orpington 4. (Ẹni tó tà wọ́n fún mi ló pè wọ́n ní abo. Nígbà tó yá, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.) Ìyẹ́ wọn ń tanni jẹ: ọwọ́ á kọ́kọ́ rì kó tó kan ẹran. Wọ́n ń jẹun ju bí wọ́n ṣe ń yé lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọ̀kan jókòó sínú ìtẹ́, kò dìde mọ́. Mo nawọ́ sí i, ó wú bí igbá tí a dojú dé, ó ń kùn. Mo tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀: ó ti tu ìyẹ́ àyà rẹ̀, ìhòòhò ara ló fi lé ẹyin, ó gbóná bí orí ọmọ tí ibà ń yọ lẹ́nu. Lálẹ́, mo kó ẹyin Red 10 sábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 21, ohùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mẹ́jọ ló pa.

Márùn-ún jẹ́ akọ. Ẹni tó bá ń pamọ fúnra rẹ̀, bí ìdajì ló máa jẹ́ akọ, àwọn ló sì máa jẹ́ ẹran rẹ̀. Mo pa akọ Red ní ọ̀sẹ̀ 18, egungun àyà rẹ̀ ló kọ́kọ́ gún mi lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Light Sussex jù, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àyà rẹ̀ kún, ìyẹ́ rẹ̀ funfun, dúdú ò ju ọrùn, ìrù àti etí apá lọ, nítorí náà tí a bá tu ú, awọ rẹ̀ mọ́. Plymouth Rock abilà náà dáa, àmọ́ ó máa ń fi tóótòòtó dúdú sílẹ̀ lára awọ.

Àṣírí tó dùn mọ́ mi jù rèé: ẹ fi akọ Red gun abo Light Sussex, láti ọjọ́ tí ọmọ bá là lẹ máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Akọ á jáde ní àwọ̀ ìyeyè, abo á pọ́n. Tí àwọn ọmọ yẹn bá tún bímọ, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, torí náà ẹ tọ́jú Red àti Sussex tí kò lábùlà. Mo ṣìṣe níbẹ̀: mo yọ akọ Red kúrò, mo fi akọ Sussex sí i, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ mo kó ẹyin. Àmúlùmálà ló là. Àtọ̀ akọ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lára abo.

Ní báyìí, Sussex ló pọ̀ jù nínú ọgbà mi, Red ò ju díẹ̀, Orpington sì jẹ́ 2 péré, fún iṣẹ́ ìyá nìkan. Ọ̀kan tún ti jókòó láti àná. Kò sẹ́yin lábẹ́ rẹ̀, òkúta kan ló sàba lé.