Ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹun: isolator 94 GHz tí mo ti ń lò láti oṣù mẹ́ta

Páànù pẹlẹbẹ kan ló tú wa láṣìírí. Mo gbé e síwájú ìwo tí sígínà 94 GHz wa (ìgbì rédíò tó ń mì ní bílíọ̀nù 94 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ń gbà jáde, mo ń rọra tì í sẹ́yìn, mo sì ń wo mítà. Ní gbogbo 1.6 mm, agbára tí mítà ń kà á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á tún padà síbi tó ti wá. Ìgbì yẹn gùn ní 3.2 mm, ìlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlàjì. Ohun tí a rán jáde ló ń padà wá bá ẹni tó rán an nínú ilé, tó sì ń da orí rẹ̀ rú. Ìgòkè-ìsọ̀kalẹ̀ náà ju 1 dB lọ (dB ni òṣùwọ̀n bí agbára ṣe ń pọ̀ tàbí ń dín). Ta ló fẹ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọn nǹkan?

Bí mo ṣe ra isolator nìyẹn, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí ìgbì kọjá lọ, tó sì ń dínà fún èyí tó ń padà bọ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kò dára, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ láìjà. Ó kéré débi pé ó wọ àtẹ́lẹwọ́ tán, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ mú un wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ihò ẹnu rẹ̀ jẹ́ 2.54 mm lórí 1.27 mm, síkúrù mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan, ó sì jókòó sórí ìyókù láìmì.

Ohun tó wù mí jù ni bí wọ́n ṣe ronú iṣẹ́ náà. Ọ̀pá ferrite (ohun líle bíi tánganran, tí mágínẹ́ẹ̀tì ń ràn) tín-ín-rín kan wà láàárín, òkòtó ike kan ń sìn ín lápá méjèèjì kí ìgbì má baà kọsẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé. Ferrite yìí ń lọ́ ìgbì ní dígírì 45. Bí a bá yí ìdérí ìgò lọ, tí a sì yí i padà, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Ferrite kò mọ èyí. Ìgbì tó ń padà bọ̀, ọ̀nà kan náà ló tún ń lọ́ ọ sí, 45 lé 45 sì di 90. Dígírì 90 yẹn ló gbé e lọ bá pẹlẹbẹ dúdú kan tó ń gbé agbára mì. Ó parí síbẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí ferrite fúnra rẹ̀ mu ìgbì náà, bí a ti ń ṣe nídìí ìgbì tó gùn ju èyí lọ. Ìṣirò ló kọ̀. Oersted (òṣùwọ̀n agbára mágínẹ́ẹ̀tì) kọ̀ọ̀kan ń gbé ibi tí ferrite ti ń mu ìgbì ga ní 2.8 MHz (1000 MHz ni 1 GHz), ẹni tó bá fẹ́ dé 94 GHz á nílò nǹkan bíi 33,600 oersted. Mágínẹ́ẹ̀tì wo ni a fẹ́ ki bọ inú nǹkan kékeré yìí tí yóò pèsè ìyẹn? Lílọ́ ni ọ̀nà àbáyọ, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ́ ọ láìpàdánù púpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀pá kúrú. Ferrite oní-nickel tó ní 5000 gauss (òṣùwọ̀n bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe lè ràn án tó) lè ṣe é láàárín bíi 1.5 mm. YIG, oríṣi ferrite mìíràn tó gbajúmọ̀ nídìí ìgbì tó lọ sílẹ̀, kò ju 1780 gauss lọ, ọ̀pá rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo wọ̀n. Ní 94 GHz, ó jẹ 1.9 dB: nínú agbára 100, bíi 65 ló ń dé òdìkejì. Ti àkọ́kọ́ tí mo dá padà jẹ 3.4 dB, ó dà bíi pé ọ̀pá rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò láàárín gbùngbùn. Ohun tó ń padà, 27 dB ló fi dínà fún un. Ó dára, kò sì yà mí lẹ́nu pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí lílọ́ náà bá fi dígírì 2.5 péré ṣì, kò sí ọgbọ́n tó lè mú un kọjá ibẹ̀. Ní 108 GHz ó já sí 19. Ìwé àlàyé wọn kò sọ èyí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, tó dára jù lọ, ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ìyẹn bí mi nínú.

Wọn kò sì kìlọ̀ nípa irin. Àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé sípánà lé e lórí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, 27 di 21 lójú wa. A gbé sípánà kúrò, ó padà sípò.

Mo tún páànù yẹn gbé síwájú ìwo lẹ́yìn tí mo de isolator náà mọ́ ẹ̀rọ wa: mítà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì mọ́. Ẹnu orísun sígínà ni mo fi í sí, ibẹ̀ ló sì yẹ ẹ́. Ẹ má gbé e síwájú ẹ̀rọ tó ń gba sígínà bí kò bá pọn dandan, nítorí 1.9 dB tó bá jẹ níbẹ̀, ariwo ni yóò fi san án, dB fún dB. Ti wa kò tíì kúrò níbi tí mo dè é sí. Sípánà idẹ ni a ń lò báyìí.