Báàjì labalábá tó ń tanná: ohun tí mo rí nídìí òjé

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní Àjàṣẹ́. Kó tó di oṣù tó kọjá, n kò fọwọ́ kan òjé rí, irin rírọ̀ tí à ń yọ́ fi lẹ ẹ̀yà ẹ̀rọ pọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta ló fẹ́ gba òmìnira lọ́jọ́ kan náà, mo sì ń wá ohun tí wọn yóò fi sáyà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò ní àdúgbò wa. Orí fóònù ni mo ti rí báàjì yìí lọ́wọ́ ọlọ́jà kan ní Kútọnu: labalábá tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, iná wínníwínní mẹ́fà lára ìyẹ́ rẹ̀. Wọn kì í tò ó kí wọ́n tó tà á. Inú ọ̀rá ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà, ẹni tó rà á ni yóò fi òjé lẹ̀ wọ́n pọ̀. 4,500 fáránkì ni ọ̀kan. Mo ra mẹ́rin, kí n lè fi ọ̀kan kọ́ṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀kẹrin yẹn.

Ohun tó wà nínú ọ̀rá kò pọ̀: pátákó dúdú tí wọ́n gé bíi labalábá, LED (gílóòbù wínníwínní) pupa mẹ́ta, LED búlúù mẹ́ta, àwọn rẹsísítọ̀ tí kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù fún wọn, ilé píìlì, bọ́tìnnì ìtanná, àti pín-ìn ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí irin òjé, irin gbígbóná tí à ń fi yọ́ òjé, níbẹ̀, kò sí òjé, kò sí píìlì. Pátákó náà mọ́ tónítóní, wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀. Ìwé ìtọ́ni ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń gbé, ṣùgbọ́n kò sọ bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá pé ẹni tí kò ṣe é rí ni wọ́n ṣe é fún.

Mo yọ́ òjé sí ẹnu irin, mo wá ń kán an lé ẹsẹ̀ LED bí ẹni ń kán àbẹ́là. Ó ń ṣù róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo rò pé ó ti mú. Nígbà tí mo fi píìlì sí i, iná méjì péré ló tàn nínú mẹ́fà, tí mo bá sì mi pátákó náà, ọ̀kan nínú wọn á kú. Mo tún un ṣe títí irin fi bó òrùka bàbà kékeré kan tó yí ihò ká kúrò lára pátákó. Pátákó yẹn ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà Wàndó ni mo gbé e lọ bá. Ó wò ó, ó ní, "Táńtì, òjé yín kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ó kàn jókòó lé e ni. Ẹ fi irin kan ẹsẹ̀ yẹn àti òrùka ìdí rẹ̀ pọ̀, kí àwọn méjèèjì gbóná. Ẹ wá gba òdìkejì fi òjé kàn wọ́n. Ara wọn ni kó ti yọ́, kì í ṣe ara irin."

Ojú mi là. Ṣebí bí a ṣe ń ṣe aṣọ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn nìyẹn, èyí tí à ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ mọ́ inú kọ́là! Aṣọ ni à ń mú gbóná, kí gọ́ọ̀mù lè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ṣàlàyé pé oje igi wà láàárín okùn òjé, òun ló ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára ẹsẹ̀ àti òrùka kí òjé tó mú wọn. Tí a bá yọ́ òjé sẹ́nu irin tẹ́lẹ̀, oje yẹn á ti jó dànù kó tó dé ibi tí a fẹ́ lẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Òjé ni ká kọ́kọ́ mú kúrò, ká tó mú irin, ká má sì mi nǹkan kan títí yóò fi dì. Èyí tó dára máa ń dán, á sì gun ẹsẹ̀ náà bí àgọ́ kékeré. Èyí tó bá ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ tún un ṣe.

Labalábá kejì gbà mí ní wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ̀kẹta kò tó ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ kíyè sí ẹsẹ̀ LED: èyí tó gùn ni ti àmì àròpọ̀. Mo fi ọ̀kan sí i ní òdì, kò tàn, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́. Nígbà tí a yọ ọ́ tí a yí i padà, ó tàn. Ti rẹsísítọ̀ kò ní òdì.

Ní ti irin òjé, ẹ má ra èyí tí kò ṣeé dín gbígbóná rẹ̀ kù, irú èyí tí mo kọ́kọ́ rà. Òjé tí wọ́n ń pè ní 60/40 ti ń yọ́ kó tó pé 200°C, tí irin bá sì wà ní nǹkan bí 350°C, ó tó. Tèmi ń gbóná lọ ràì ni, òun ló bó òrùka yẹn. Ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún òjé yìí sì jẹ́ òjé dúdú (plomb) tó ní májèlé. Ẹ̀yin aránṣọ ẹgbẹ́ mi, a mọ̀ bí a ṣe ń fi ètè di abẹ́rẹ́ àti òwú mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu di òjé mú láé. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ sì ṣí fèrèsé nítorí èéfín.

Ohun tó dùn mí jù ni ilé píìlì náà. Kò ní ìdérí. Píìlì pẹlẹbẹ tó ń lò, CR2032, fẹ̀ tó owó ẹyọ, ọmọdé lè yọ ọ́ kó sì gbé e mì, ó sì lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì. Ilé tí ọmọ wà ni wọ́n ń ta nǹkan yìí fún! Mo rán àpò aṣọ kékeré bo ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gán an pa. Mo tún fi òwú gán labalábá náà mọ́ aṣọ, torí pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ pín-ìn ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ti ṣí lára méjì kí ọjọ́ náà tó pé.

Lọ́jọ́ òmìnira, nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí àwọn ọmọ náà jáde sí agbo, àwọn ìyá wọn pariwo. Inú mi dùn débi pé n kò lè sọ̀rọ̀. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, búlúù ti ń rẹ̀, pupa ṣì ń tàn. LED búlúù ń fẹ́ nǹkan bíi fóltì 3 (fóltì ni a fi ń wọn agbára iná), pupa kò ju nǹkan bíi 2 lọ, píìlì náà kò sì ju nǹkan bíi 3 lọ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́, kó ra oní-pupa nìkan.

Owó rẹ̀ kò dùn mí. Mo ti kọ̀wé sí ọlọ́jà náà pé kó wá ilé píìlì tó ní ìdérí, kó sì fi ojú ìwé kan kún un tó fi bí a ṣe ń mú ẹsẹ̀ LED gbóná hàn. Ó ní kí n ya fọ́tò ọwọ́ mi ránṣẹ́ nígbà tí mo bá tún ń lẹ̀ ẹ́. Mo ti yà á.